Ìyá Arúgbó Tó Pe Kàmíìlù ní Notu

Agboolé alápatà ni wọ́n bí Kàmíìlù sí ní Ìsẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Àlhájì Adéògún, a máa ra màlúù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ọjà kárà, Kàmíìlù ni ó sì máa ń fa okùn wọn lọ sí odò ẹran láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó mọ màlúù tí ó fẹ́ tàpá, ó mọ èyí tí ẹ̀rù ń bà, ó sì mọ ibi tí èèyàn ń fọwọ́ ha lábẹ́ ọrùn wọn tí ara wọn fi ń balẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni kò lè fara dà. Nígbà tí ó pé ọmọ ogún ọdún, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní í ṣe iṣẹ́ alápatà. Àlhájì ní kò burú, ṣùgbọ́n ohùn tí ó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Kàmíìlù lọ kọ́ṣẹ́ wáyà mọ́tò ní Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di ọdún 1991, ó wọ ilẹ̀ Ítálì láìdágbére fún bàbá rẹ̀. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni Àlhájì kú. Kàmíìlù kò ní ìwé nígbà náà. Bí ó bá lọ sin òkú, ọ̀nà àtipadà ti dí nìyẹn. Kò lọ.

Nígbà tí ìjọba fún un ní ìwé permesso, ìyẹn ìwé ìgbélùú, lọ́dún 1996, iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rí ni ti conceria kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Vicenza, níbi tí wọ́n ti ń sọ awọ màlúù di awọ bàtà àti ti àga. Ilé oníyàrá kan ní àdúgbò Via Anelli, ní Padua, ni òun àti ẹnìkan jọ ń gbé. Ní ìdájọ́ tirẹ̀, ẹni tí ó sá fún pípa ẹran ni wọ́n wá kó awọ ẹran lé lọ́wọ́ yìí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣàwàdà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, iṣẹ́ dínkù, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà náà ni Morákinyọ̀ pè é láti Turin. Ará Ìjẹ̀ṣà ni Morákinyọ̀, ó fi ọdún mẹ́rin ju Kàmíìlù lọ, oko tòmátì ní ìsàlẹ̀ Ítálì ni àwọn méjèèjì ti mọra, wọn kò sì já ara wọn jù sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí Kàmíìlù gbọ́ lórí fóònù ni pé ní Ọjọ́bọ̀ àwọn ń lọ sí ọjà màlúù, pé kí ó tètè máa bọ̀, nítorí àwọn nílò ẹni tí ó mọ màlúù. Bí ó ṣe fẹ́ béèrè ìdí ọ̀rọ̀ ni káàdì Morákinyọ̀ tán.

Kàmíìlù ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Kérésìmesì ti dé tán, Morákinyọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kì í sì í fi ìjọ wọn ṣeré. Ó jọ pé ńṣe ni àwọn ará ìjọ fẹ́ dáwó ra màlúù, tí wọn kò sì rí ẹni tí yóò pa á. Bí ó ti kórìíra iṣẹ́ náà tó, kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò wá. Ó ra ọ̀bẹ kan, ó pọ́n ọn, ó fi aṣọ wé e, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí Olúfúnkẹ́, ìyàwó Morákinyọ̀, rí ọ̀bẹ náà nínú báàgì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó fẹ́ pa nǹkan kan. Ìyá arúgbó tí Olúfúnkẹ́ ń gbowó tọ́jú, Signora Ernesta, ni wọ́n ń bá lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ọpọlọ rẹ̀ a sì máa lọ a máa bọ̀. Agbègbè Carrù ni wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń na ọjà màlúù ńlá níbẹ̀ lọ́dọọdún kí ó tó di Kérésìmesì. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni màmá ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ráyè. Ó ní bí ọkọ Olúfúnkẹ́ bá lè wakọ̀, kí wọ́n gbé e lọ.

Kàmíìlù béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń fi ẹni tí ó mọ màlúù ṣe. Morákinyọ̀ ní ọ̀rọ̀ màlúù ni màmá ń sọ látàárọ̀ dalẹ́, àwọn kò sì mọ ohun tí àwọn lè fi dá a lóhùn.

Wọ́n gbéra ní ìdájí. Morákinyọ̀ ló wakọ̀, Kàmíìlù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Olúfúnkẹ́ àti màmá wà lẹ́yìn. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí iná mọ́tò tí ó wà níwájú fi dà bí ojú ológbò. Kàmíìlù kí màmá ní èdè Ítálì, ó sì tẹrí ba bí ó ti yẹ kí á kí àgbà.  Fèrèsé ni màmá ń wò, ó ń ka orúkọ ìlú tí wọ́n ń kọjá bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí wọ́n dé, síbẹ̀ èrò ti kún. Kàmíìlù ti rí màlúù, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Wọ́n funfun bí òwú, wọ́n ga ju ọkùnrin lọ, itan wọn sì wú gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni pé wọ́n fi ẹran lé ẹran. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo wọ́n lára bí ìyàwó tuntun. Àwọn onídàájọ́ kan ń lọ yí wọn ká, wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n ní ìdí, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Èyí tí ó bá yege ni wọ́n ń da aṣọ aláràbarà bò lẹ́yìn, tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí aṣọ náà, gbogbo èèyàn yóò sì pàtẹ́wọ́. Kàmíìlù béèrè lọ́wọ́ Morákinyọ̀ pé ṣé wọ́n ń dá màlúù náà lọ́lá ni tàbí wọ́n fẹ́ pa á.

"Méjèèjì," ni Morákinyọ̀ wí. "Wọ́n á kọ́kọ́ dá a lọ́lá, kó tó di pé wọ́n á pa á."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Nílé bàbá rẹ̀, màlúù tí ó bá ń lọ sí odò ẹran kò ní orúkọ, kò sí ẹni tí í wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èdè ibẹ̀ pàápàá kò yé e. Ọdún karùn-ún rèé tí ó ti ń gbọ́ Ítálì, ó sì rò pé òun gbọ́ ọ, àfi ìgbà tí ó dé ibí tí àwọn èèyàn ń sọ nǹkan tí kò jọ Ítálì rárá. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ó wọ̀ ọ́ létí sì ni "bàbá". Ó yíjú padà kíá. Àgbẹ̀ arúgbó kan ni wọ́n ń pè. "Barba" ni wọ́n ń wí. Ní Ítálì tí Kàmíìlù gbọ́, irùngbọ̀n ni barba, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà kò ní irun kan ṣoṣo ní àgbọ̀n.

Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́jọ, màmá ní ebi ń pa òun. Abẹ́ àtíbàbà ńlá kan ni wọ́n ti ń ta ẹran bíbọ̀. Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọtí wáìnì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ. Ẹran màlúù wà níbẹ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀, Kàmíìlù kò sì lè jẹ nínú rẹ̀. Olúfúnkẹ́ ti mọ̀, ó ti din ẹyin sáàárín búrẹ́dì fún un láti ilé. Olúfúnkẹ́ lọ tò sórí ìlà láti ra ti màmá. Morákinyọ̀ lọ wo mọ́tò, nítorí ọ̀gá kan ti ń sọ pé kò gbọdọ̀ dúró níbi tí wọ́n gbé e sí. Kàmíìlù nìkan ni ó kù pẹ̀lú màmá. Olúfúnkẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára màmá.

Ó gbójú kúrò. Màlúù kan tí wọ́n da aṣọ bò ni wọ́n ń fà kọjá, ó sì ń tiro ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kàmíìlù rí i, ó ń ro ó lọ́kàn pé òkúta ló há sí i ní pátákò, kí ẹnìkan bá wọn yọ ọ́. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, àga ìyá ti ṣófo. Ìbọ̀wọ́ wọn kan ló kù lórí tábìlì.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Bí ó bá lọ pe Olúfúnkẹ́, àkókò yóò lọ. Bí kò bá pè é, tí màmá sì sọnù, iṣẹ́ Olúfúnkẹ́ ni ó fẹ́ bọ́ yẹn. Ó mú ìbọ̀wọ́ náà, ó wọ àárín èrò. Gbogbo ìyá arúgbó tí ó wà níbẹ̀ ni ó wọ kóòtù dúdú, gbogbo wọn ni ó de gèlè kékeré sórí. Ó fọwọ́ kan ẹni àkọ́kọ́ léjìká, ìyẹn fò, ó di báàgì rẹ̀ mú pinpin. Kàmíìlù bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni mọ́, ojú ni ó ń wò, àwọn èèyàn náà sì ń wo òun. Ó bi ọlọ́pàá kan léèrè. Ọlọ́pàá náà béèrè irú ìbátan tí ó wà láàárín Kàmíìlù àti ìyá náà, Kàmíìlù sì dán èsì wò lọ́kàn. Ìyá ọ̀gá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi? Ó dúpẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìpẹ̀kun ọjà ni ó ti rí màmá, níbi tí wọ́n so àwọn màlúù tí kò gba ẹ̀bùn mọ́. Signora Ernesta fara ti màlúù ńlá kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tí kò ní ìbọ̀wọ́ lé e ní ìhà bí ẹni ń yá iná. Àgbẹ̀ arúgbó tí kò ní irùngbọ̀n yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kàmíìlù mí kanlẹ̀, ó na ìbọ̀wọ́ náà sí wọn. Màmá gbé ojú sókè, wọ́n wò ó, ojú wọn sì là bí ojú ọmọdé.

"Notu," ni wọ́n wí. "O ti dé."

Kàmíìlù bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Nílé, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá gbọ́ tí wọ́n ń pè é láìrí ẹni tí ń pè, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pè é rèé, lójú kòrókòró, orúkọ náà gan-an ni kì í ṣe tirẹ̀. Èwo ni a ń ṣe sí ìyẹn? Ó fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀. Báwo ni ìyá funfun yìí ṣe máa wo òun, tí yóò rí èèyàn rẹ̀?

Màmá ló là á fún un láìmọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá ní wọ́n sọ fún òun pé ó lọ jagun ní Áfíríkà, òun sì rò pé ó ti kú síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ wo bí oòrùn ibẹ̀ ti ṣe é, ó ti jó o dúdú pátápátá.

Ó wá yé e díẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ogun kan wà tí àwọn Ítálì lọ jà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kí wọ́n tó bí ìyá tirẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé Kàmíìlù ni òun, ará Ìsẹ́yìn, ọ̀rẹ́ ọkọ Olúfúnkẹ́. Bí ó ti lanu, màmá di apá aṣọ rẹ̀ mú, màlúù náà sì gbọn orí, ó fẹ́ yí ìdí rẹ̀ sí wọn. Kàmíìlù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó di okùn mú nítòsí imú ẹran náà, ó bọ́ sáàárín ẹran náà àti màmá, ó sì ń ha á lábẹ́ ọrùn níbi tí awọ ti rọ̀. Ẹran náà mí jáde, ó dúró. Àgbẹ̀ náà fojú sílẹ̀ wò ó, kò sì gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o pẹ́ báyìí?" ni màmá béèrè.

Kàmíìlù wá ohun tí kì í ṣe irọ́ lọ. "Ọ̀nà jìn," ni ó wí.

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, nígbà míràn ní èdè Ítálì, nígbà míràn ní èdè abúlé tí kò gbọ́. Èyí tí ó rí dì mú ni pé Notu ní màlúù kan tí ó tọ́ láti kékeré, bàbá sì fẹ́ tà á, Notu bá lọ fi í pa mọ́ sínú igbó lẹ́bàá odò. Màmá fúnra wọn ló lọ sọ fún bàbá. Bàbá ta màlúù náà, Notu bínú, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ogun. Màmá ní láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu òun jáde tí ó dùn mọ́ òun nínú.

"Ṣé o dárí jì mí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú Kàmíìlù lómi. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ ni í dárí jini. Wọn kò ṣẹ òun. Ta ni òun tí yóò fi ẹnu ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀? Ó rántí Àlhájì. Ó ro ó pé bí òun náà bá rí ẹnìkan lónìí, ní ibikíbi, tí ó fi ojú jọ bàbá òun, tí òun sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun yóò fẹ́ kí onítọ̀hún sọ pé kì í ṣe bàbá òun?  Ó sọ pé kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo wa.

Màmá kọ̀. "Mi ò bi Ọlọ́run. Ìwọ ni mo bi."

Ohun míràn tún wà níbẹ̀ tí ó ń dà á láàmú. Ní Ítálì, bí ti wa, ọ̀tọ̀ ni bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ẹgbẹ́ ẹni. Láti ìgbà tí ó ti dé ilẹ̀ Ítálì, kò sọ̀rọ̀ sí arúgbó rí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ti àgbà, màmá yóò mọ̀ pé òun kì í ṣe Notu. Ó wo àgbẹ̀ náà bí ẹni ń wá ìrànwọ́. Àgbẹ̀ náà rọra mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan.

"Ti perdono," ni Kàmíìlù wí, ìyẹn ni pé mo dárí jì ọ́, bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Màmá pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n gba ìbọ̀wọ́ wọn, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì ní ẹran òun ti ń tutù.

Olúfúnkẹ́ àti Morákinyọ̀ ni ó pàdé wọn lọ́nà. Olúfúnkẹ́ ti sunkún. Ó di màmá mú, ó ń wò wọ́n lókè nílẹ̀, kò sì wo ojú Kàmíìlù títí wọ́n fi jókòó. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ. Màmá jẹ ẹran tán, wọ́n tún gba omi ẹran náà mu. Inú mọ́tò ni Kàmíìlù ti ròyìn, pẹ̀lú Yorùbá. Bí ó ṣe parí rẹ̀ ni màmá tẹ Olúfúnkẹ́ ní itan, wọ́n bi í léèrè ní Ítálì pé ta ni ọkùnrin tí ó jókòó síwájú yẹn. Ọ̀rẹ́ ni, Olúfúnkẹ́ dáhùn. Màmá ní ó jọ ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olúfúnkẹ́ sọ pé kò yẹ kí ó dáhùn rárá. "Bọ̀dá Kàmíìlù, ẹ jẹ́ orúkọ òkú. Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ gbà mọ́ra." Morákinyọ̀ ní àánú ló ṣe, àánú kì í sì í pa ẹni. Olúfúnkẹ́ ní òun kò sọ pé kì í ṣe àánú. Ó béèrè bóyá òun lè gbàdúrà fún un. Kàmíìlù ní kí ó ṣe é. Ó gbà á ní orúkọ Jésù, Kàmíìlù sì ṣe àmín, nítorí kò mọ ohun míràn tí ì bá ṣe.

Wọ́n rò pé ọmọ màmá ni yóò tú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Olúfúnkẹ́ bi í léèrè ẹni tí Notu jẹ́, ọkùnrin náà ní òun kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá òun. Wọn kò ní ẹ̀gbọ́n, wọn kò ní àbúrò. Nǹkan wá tún rú Kàmíìlù lójú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀gbọ́n kọ́, ta ni? Morákinyọ̀ ní ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ bàbá wọn, tàbí àfẹ́sọ́nà. Olúfúnkẹ́ ní ó lè jẹ́ pé kò sí i rárá, pé orí tí kò pé ló dá a sílẹ̀. Kàmíìlù rántí bí ìyá náà ti di apá aṣọ òun mú. Ṣé a máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí?

Nígbà tí ó padà sí Padua, ó lọ bá Aminullah, àgbà kan tí ó máa ń ṣáájú wọn nírun ní ọjọ́ Jímọ̀, ó bi í bóyá irọ́ ni òun pa.  Bàbá náà ní dídárí jini kì í ṣe ti Kàmíìlù láti fún ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti fi í fún ni, kí ó máa ṣe àdúà fún ẹni tí ó ni ín. Kàmíìlù ní bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kọ́? Wọ́n ní Ọlọ́run mọ ẹni tí àdúà náà yóò ṣe fún. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Ó ń dárúkọ Notu tẹ̀lé orúkọ bàbá rẹ̀, nígbà míràn yóò sì dánu dúró, nítorí kò mọ̀ bóyá èèyàn ni ó ń dárúkọ.

Iṣẹ́ conceria tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Signora Ernesta kú ní ìgbà ìrúwé lójú oorun. Olúfúnkẹ́ ló bá wọn palẹ̀ yàrá mọ́, ó yẹ gbogbo fọ́tò wò, kò rí ọmọkùnrin kankan tí ó dúró ti màlúù. Kò pẹ́ tí ó fi rí iṣẹ́ míràn ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, Kàmíìlù fúnra rẹ̀ ni ó pe Morákinyọ̀, ó ní kí wọ́n tún lọ. Morákinyọ̀ kò béèrè ìdí. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n lọ lọ́tẹ̀ yìí, òjò sì ń kùn. Nígbà tí Morákinyọ̀ lọ ra kọfí, Kàmíìlù lọ sí ìpẹ̀kun ọjà, ó bá àgbẹ̀ tí kò ní irùngbọ̀n níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù míràn. Censo ni orúkọ rẹ̀. Ó rántí Kàmíìlù kíá. Òun ni ó là á yé e pé ní èdè àwọn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni ni barba, pé gbogbo ìlú ni ó ń pe òun bẹ́ẹ̀.

Kàmíìlù wá béèrè ohun tí ó gbé e wá. Ǹjẹ́ wọ́n mọ Notu kan ní àdúgbò yìí, tí ó lọ jagun ní Áfíríkà, tí kò padà? Censo fi ọwọ́ nu imú màlúù rẹ̀. Ó ní kò sí abúlé tí kò ní Notu. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Notu mẹ́ta ni ó wà lójú ọ̀nà ilé àwọn nìkan, méjì lọ sí ogun, ọ̀kan lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì sí èyí tí ó padà nínú wọn. Ó béèrè èwo nínú wọn ni Kàmíìlù ń bi òun.

Kàmíìlù fọwọ́ ha màlúù náà lábẹ́ ọrùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Censo, ó sì padà síbi tí wọ́n gbé mọ́tò sí. Morákinyọ̀ na kọfí sí i, ó bi í pé kí ni bàbá yẹn wí. Kàmíìlù gba kọfí náà, ó rò ó bóyá kí òun ka Notu mẹ́ta náà fún un, ó sì jẹ́ kí ó lọ.

"Èdè abúlé wọn ló ń sọ," ni ó wí. "Kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi."